Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kí Ló Dé Tí Wọn Kì Í Sọ Òótọ́ fún Olórí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe olórí ẹ̀ka tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni mí, ọ̀rọ̀ kò sì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu bíi ti ẹni tí mo gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá pe ìpàdé, gbogbo wọn á ní kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni màá tó gbọ́ pé iṣẹ́ ti bàjẹ́ tipẹ́. Ṣé irú mi lè ṣe olórí, àbí kí n yáa dá ipò náà padà?

Ìdáhùn: Ẹ má dá a padà. Jẹ́jẹ́ tí ẹ jẹ́ kọ́ ni ìṣòro yín. Ohun tí lẹ́tà yín fi hàn ni pé àwọn tí ẹ ń darí kò tíì gbà pé àwọn lè mú ìròyìn burúkú wá bá yín kí ó má di ẹ̀sùn sí àwọn lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí olórí, bó ti wù kó gbọ́n tó, tó lè tún ohun tí kò mọ̀ pé ó bàjẹ́ ṣe.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1961, John F. Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ọmọ Cuba tó ti sá kúrò nílẹ̀ wọn gbógun wọ etíkun Bay of Pigs ní Cuba. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré, ọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n. Nínú àwọn olùdámọ̀ràn rẹ̀, àwọn kan wà tí ọkàn wọn kò gba ètò náà, síbẹ̀ tí wọn kò sọ ọ́ síta tó nínú ìpàdé. Kennedy gba ẹ̀bi náà ní gbangba. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 1962, tí wọ́n rí i pé Soviet ń to ohun ìjà runlérùnnà sí Cuba, ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti jókòó nínú àwọn ìpàdé kan tí àwọn olùdámọ̀ràn rẹ̀ ṣe, kí wọ́n lè jiyàn láìwojú ẹnikẹ́ni. Ẹni kan náà ló wà lórí àga. Àṣà rẹ̀ nípa gbígba ìmọ̀ràn ló yí padà.

Nínú ìpàdé yín tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn yòókù sọ tẹnu wọn kí ẹ tó sọ tiyín, nítorí pé bí olórí bá ti sọ èrò rẹ̀, ọ̀pọ̀ á kàn máa gbè é lẹ́sẹ̀ ni. Ẹ má bi wọ́n pé, “Ṣé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa?” Ẹ bi wọ́n pé, “Kí ló lè ba iṣẹ́ yìí jẹ́ fún wa?” Ẹni tó bá kọ́kọ́ mú ìròyìn burúkú wá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó bèèrè ohunkóhun, torí gbogbo àwọn tó kù ló ń wo bí ẹ ó ṣe ṣe é. (Mo mọ àwọn ọ̀gá tó ń kéde pé ilẹ̀kùn àwọn ṣí sílẹ̀, tí ojú wọn sì máa ń le koko bí ẹnikẹ́ni bá wọlé.)

Bí inú bá bí yín ńkọ́? Yóò bí yín. Ní oṣù keje ọdún 1863, Abraham Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà ogun abẹ́lé wọn, kọ lẹ́tà líle sí Ọ̀gágun George Meade, ẹni tó ṣẹ́gun ní Gettysburg ṣùgbọ́n tó jẹ́ kí ọmọ ogun ọ̀tá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò fọwọ́ sí i, kò sì fi í ránṣẹ́. Èyí kò ní kí ẹ fojú fo ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ fún un láìfi epo bọyọ̀.

Ìbéèrè: Èmi fúnra mi ni mo máa ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tó bá ṣe pàtàkì, kí àwọn tó kù má baà bà á jẹ́. Ṣé àṣà burúkú ni?

Ìdáhùn: Fún olórí, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́, ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ẹ, àti ibi tí wọ́n ti lè dá ìpinnu ṣe, kí ẹ sì mú ọwọ́ kúrò. Ẹ̀bi nìkan ni kí ẹ má gbé fún wọn. Kí wọ́n tó gbógun wọ Normandy nílẹ̀ Faransé ní oṣù kẹfà ọdún 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Ọ̀gágun Eisenhower, ará Amẹ́ríkà tó darí ogun náà, ti kọ ìwé kékeré kan sílẹ̀ pé bí ogun náà bá kùnà, òun nìkan ló lẹ̀bi. Bí iṣẹ́ tí ẹ gbé fún òṣìṣẹ́ yín bá kùnà, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ dá àwọn tó gbé iṣẹ́ fún yín lóhùn. Ohun tí ẹ bá ní í bá òṣìṣẹ́ náà sọ lè dúró di ẹ̀yìn ìgbà náà.