Bí a ṣe ń gbé lógò wọ inú KiCad kí ó lè hàn dáadáa lára bọ́ọ̀dù

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ tí ń darí iná oòrùn wọ inú bátìrì ni a ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìbàdàn, KiCad, ètò orí kọ̀ǹpútà fún yíya bọ́ọ̀dù tí a ń to ẹ̀yà iná sí, ni mo sì fi ń ya bọ́ọ̀dù rẹ̀. A fẹ́ kí lógò wa hàn lára bọ́ọ̀dù náà. Mo fi Image Converter, irinṣẹ́ KiCad tó ń sọ àwòrán di ohun tí bọ́ọ̀dù lè gbà, yí fáìlì àwòrán PNG tí ayàwòrán fún wa padà, àmọ́ ó kọ́kọ́ tóbi ju bọ́ọ̀dù lọ. Nígbà tí mo dín in kù, oòrùn aláwọ̀ ìyeyè tó wà láàárín búlúù ti pòórá. Nígbà tí bọ́ọ̀dù sì dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó bá wa ṣe é, ọ̀rọ̀ kéékèèké abẹ́ lógò náà kò ṣeé kà. Báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn

Ẹ ṣeun fún ìbéèrè yín. Ibì kan náà ni wàhálà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣẹ̀ wá. Ohun tó wà lára bọ́ọ̀dù ni bàbà, ọ̀dà ààbò tí wọ́n fi bo bàbà náà, èyí tó sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ ewé, àti yíǹkì funfun tí wọ́n fi ń kọ̀wé sórí ọ̀dà. Fáìlì Gerber tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀dù kò sì lè sọ ju ohun kan lọ nípa ìpele kọ̀ọ̀kan (bàbà, ọ̀dà tàbí yíǹkì): pé nǹkan wà níbí, tàbí pé kò sí. Kò mọ àwọ̀, kò sì mọ ibi tí àwọ̀ ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ ti sọ lógò di àwòrán aláwọ̀ kan ṣoṣo, ní ìwọ̀n tí yóò jẹ́ lórí bọ́ọ̀dù gan-an, kí KiCad tó rí i rárá.

Ti ìwọ̀n ló rọrùn jù. Iye píkísẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹ̀kán kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, ni fáìlì PNG ń gbé kiri, kì í ṣe mìlímítà. Àwòrán tó ní píkísẹ̀lì 1,200 ní ìbú, bí a bá ka 300 sí íǹṣì kan, yóò fẹ̀ tó íǹṣì 4, ìyẹn mìlímítà 101.6, èyí tó ju ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù kéékèèké lọ. Nínú Image Converter, ẹ yí ẹyọ ìwọ̀n padà sí mm, ẹ kọ 20 tàbí iye tí ẹ bá fẹ́, kí ẹ sì fi àmì sí àpótí tó so ìbú mọ́ gíga, kí lógò má baà fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ti oòrùn tó pòórá, ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ ń sọ gbogbo àwọ̀ di aláwọ̀ eérú, lẹ́yìn náà ni yóò wá pààlà sáàárín dúdú àti funfun. Ohun tó bá mọ́lẹ̀ ju ààlà náà lọ di funfun, kò sì ní sí yíǹkì níbẹ̀. Ìyeyè sún mọ́ funfun, búlúù sún mọ́ dúdú. Ẹ lè fa Black / White Threshold, ìyẹn ààlà náà, títí ìyeyè yóò fi wọlé, ṣùgbọ́n nígbà náà, òun àti búlúù yóò di ara kan, kò sì ní sí ohun tí yóò fi oòrùn hàn mọ́. Ohun tó tọ́ ni kí ayàwòrán yín tún lógò náà yà ní dúdú àti funfun nìkan, kí ó fi oòrùn sílẹ̀ bí àyè òfìfo láàárín búlúù, kí àwọ̀ ọ̀dà bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ di àwọ̀ oòrùn náà. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ibi tó dúdú nínú àwòrán ni yíǹkì funfun yóò bọ́ sí. Lẹ́tà lásán kò ní ìṣòro pẹ̀lú èyí, ṣùgbọ́n bí lógò bá ní ojú ènìyàn, irun yóò funfun, ojú yóò sì dúdú. Àpótí Negative, tó ń fi dúdú rọ́pò funfun, wà fún irú èyí.

Ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé kà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ṣe bọ́ọ̀dù ń béèrè pé kí ìlà yíǹkì má tín-ín-rín ju mìlímítà 0.15 lọ, kí gíga lẹ́tà sì tó nǹkan bíi mìlímítà 1. Bí lógò yín bá fẹ̀ ní mìlímítà 20, tí gíga lẹ́tà abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ìdá kan nínú ogójì ìbú náà, ìdajì mìlímítà ni lẹ́tà náà yóò ga, kò sì sí ètò orí kọ̀ǹpútà tó lè gbà á là. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú lógò pátápátá, kí ẹ wá fi irinṣẹ́ ọ̀rọ̀ KiCad kọ ọ́ sísàlẹ̀ ní mìlímítà 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti KiCad 7, tó jáde ní ọdún 2023, ẹ lè lo fọ́ńtì tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín fún un.

Bí orúkọ iléeṣẹ́ yín bá sì ní ẹ, ọ tàbí ṣ, ẹ wo àmì abẹ́ lẹ́tà wọ̀nyí dáadáa, nítorí pé òun àti àmì ohùn ló sábà máa ń kéré jù nínú gbogbo àwòrán náà. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá lọ sábẹ́ mìlímítà 0.15, ó lè má hàn rárá, orúkọ yín yóò sì di orúkọ mìíràn. Ẹ sọ fún ayàwòrán kí ó mú un tóbi, kí ó sì jìnnà díẹ̀ sí ẹsẹ̀ lẹ́tà kí yíǹkì má baà pa wọ́n pọ̀.

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ gba SVG, fáìlì àwòrán tó ń fi ìlà dípò píkísẹ̀lì, lọ́wọ́ rẹ̀ dípò PNG. Nínú Inkscape, ètò ìyàwòrán tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ fi Object to Path sọ lẹ́tà di àwòrán, nítorí pé KiCad kì í ka ọ̀rọ̀ tó wà nínú SVG. Ẹ fi Stroke to Path sọ ìlà di àwòrán tó kún. Kí ẹ sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ ní mìlímítà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ PNG nìkan ni ẹ ní, Trace Bitmap inú Inkscape yóò bá yín ya etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, nínú ojú ìwé bọ́ọ̀dù KiCad, ẹ lọ sí File, Import, Graphics, kí ẹ yan F.Silkscreen, ìyẹn ìpele yíǹkì iwájú bọ́ọ̀dù. Etí tó tẹ̀ yóò dán ju èyí tí PNG kékeré ń fúnni lọ.

Bí ẹ óò bá lo lógò náà lórí bọ́ọ̀dù mìíràn, ẹ fi í pa mọ́ bíi footprint, ìyẹn àwòrán ẹ̀yà kan tí KiCad lè gbé sórí bọ́ọ̀dù èyíkéyìí. Nínú àwọn ohun ìní rẹ̀, ẹ fi àmì sí Not in schematic, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú àkójọ ẹ̀yà àti nínú fáìlì ipò ẹ̀yà. Bí ẹ kò bá ṣe èyí, ọjọ́ tí ẹ bá mú bọ́ọ̀dù bá àwòrán sáàkíìtì mu, tí ẹ ní kí KiCad pa ohun tí kò ní àmì nínú sáàkíìtì rẹ́, lógò yóò bá a lọ. Bí ẹ bá sì rí G***, àmì ìdánimọ̀ tí Image Converter fi sí i, lórí rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó hàn.

Àwọn kan ń fẹ́ kí lógò máa dán bíi wúrà. Wọ́n ń yà á sí F.Cu, ìpele bàbà iwájú, wọ́n sì ń yà á sí F.Mask, ìpele ọ̀dà iwájú, pẹ̀lú, nítorí pé ohun tí a bá yà sí ìpele yìí ni ibi tí wọn kò ní fi ọ̀dà bò. Ó rẹwà, àmọ́ bàbà ìhòòhò ni, ìṣàn iná bátìrì yín sì lágbára. N kò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù yìí.

Tí ẹ bá ń gbé e sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, bọ́tìnnì F ni kí ẹ tẹ̀. Lẹ́tà yóò yí padà lójú yín bí ìgbà tí a wò ó nínú dígí, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ẹ má ṣe tún un ṣe. Ẹ má sì gbé e lé ibi tí a ó ti jó lẹ́ẹ̀dì, torí wọn yóò gé yíǹkì náà kúrò níbẹ̀.

Kí ẹ tó fi fáìlì ránṣẹ́, ẹ ṣí F.Silkscreen nínú Gerber Viewer, ẹ wọn ìlà tó tín-ín-rín jù pẹ̀lú irinṣẹ́ ìwọ̀n rẹ̀, kí ẹ sì tẹ bọ́ọ̀dù náà sórí ìwé ní ìwọ̀n 1:1. Ohun tí ẹ kò bá lè kà lórí ìwé náà, ẹ kò ní lè kà á lórí bọ́ọ̀dù.