Orúkọ Gift kì í ṣe èpè

Ẹ̀yin ìyá Gift tí ẹ béèrè bóyá kí ẹ yí orúkọ ọmọ yín padà, ẹ má yí i. Oníwàásù tó ní májèlé lorúkọ yẹn ń jẹ́, àti pé àwọn ará Jámánì mọ àṣírí rẹ̀, ló bí mi nínú. Lóòótọ́, Gift ni májèlé lédè Jámánì. Àmọ́ kò sí àṣírí kankan níbẹ̀.

Fífún ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Geben tí Jámánì ń pè àti give tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè, ọmọ ìyá ni wọ́n. Àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ máa ń pe ìwọ̀n oògùn tí a bù fún aláìsàn ní dosis, ìyẹn "fífún". Látìn yá a lò, Jámánì sì fi Gift tirẹ̀ túmọ̀ rẹ̀. Oògùn lè woni sàn, ó sì lè pani. Nígbà tó yá, èyí tó ń pani ló gba ọ̀rọ̀ náà kanlẹ̀. Lójú tèmi, ìbẹ̀rù ló fà á, torí ẹnu kì í yá láti dárúkọ ohun tó ń pa èèyàn. Bí ọkùnrin kan ládùúgbò wa ṣe kú lójijì nígbà tí mo wà ní kékeré, ohun tí ìyá ìyá mi sọ kò ju "wọ́n ti fún un jẹ" lọ. Kò pe májèlé rárá, kò sì sẹ́ni tí kò yé nínú ilé. Faransé náà ṣe bẹ́ẹ̀: potio, ohun mímu lédè Látìn, ló bí poison wọn.

Ti ìgbéyàwó ló dùn mọ́ mi jù. Ní Sweden, ẹni tó bá ti gbéyàwó ni wọ́n ń pè ní gift, wọ́n sì ń pe májèlé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, owó orí ìyàwó ni gift. Àwa tí à ń fi ọmọ fọ́kọ, ṣé ó yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa? Ṣùgbọ́n a ti gbàgbé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn. A rí ìtumọ̀ kan lórí fóònù, a sáré gun orí pẹpẹ.

Bí Gift bá dé Jámánì tí wọ́n bi í léèrè, kó rán wọn létí Mitgift, ẹrù tí ìyàwó ń gbé lọ sílé ọkọ. Ẹnu tiwọn náà ló ṣì ń pè é.