Ọkọ̀ fáíbà kì í ṣe ohun tí a ń da òògùn lé: èsì fún àbúrò mi ní Ọbáńtokò

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní Corvette 1979, ọkọ̀ tí fáíbà ni ara rẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ kó dé láti Amẹ́ríkà ti di tìrẹ, pé oríṣiríṣi ọ̀dà tí wọ́n ti kùn lé ara wọn ti ń là, ó sì ti ń ṣí. O fẹ́ mọ nọ́ńbà sáńpépà tí o máa fi bẹ̀rẹ̀, àti bóyá kí o bó o dé ara fáíbà gan-an ni, tàbí kí o dúró lórí ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fín sí i. Ní ìparí ni o wá fi kún un, bí ẹni pé kò tó nǹkan, pé péńtà rẹ ní òun ní òògùn kan tí yóò bó gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn, nítorí irú òògùn bẹ́ẹ̀, lọ́wọ́ irú péńtà bẹ́ẹ̀, ni ó sọ ọkọ̀ bàbá mi di ohun tí mo fi odidi ọdún kan tún ṣe.

Ọkọ̀ tèmi kì í ṣe Corvette. Reliant Scimitar GTE ni, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, irin ni egungun abẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n fáíbà ni gbogbo ara rẹ̀. Bàbá mi bá a wọ ọkọ̀ ojú omi dé Àpápá kí Nàìjíríà tó fi wíwa ọkọ̀ lápá òsì sílẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, ìdí nìyẹn tí sítíárìn rẹ̀ fi wà lápá ọ̀tún títí di òní. Nígbà tí bàbá papò dà, ọkọ̀ náà wà lábẹ́ igi máńgòrò ní Ìbarà fún ìgbà pípẹ́, ẹyẹ ń ṣu sí i, ọ̀dà rẹ̀ sì ti là bí ilẹ̀ odò tí ó gbẹ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014 ni mo gbé e lọ fún péńtà kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ọ̀gá àwọn ọ̀gá. Ó gbé ìwé ẹ̀rí mẹ́ta kọ́ ara ògiri, ó sì ní kò sí irú ọkọ̀ tí òun kò tíì kùn rí. Mo bi í léèrè bóyá ó ti kun ọkọ̀ fáíbà rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀dà kan náà ni gbogbo ọ̀dà. Èmi náà sì gbà fún un, ẹ̀bi tèmi nìyẹn.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ọ̀gá náà kò mọ̀, nítorí ó dá mi lójú pé péńtà tìrẹ náà kò mọ̀ ọ́n. Òwú dígí tí a fi rísìnì, omi kẹ́míkà tí ó máa ń gan, rẹ títí ó fi le ni fáíbà. Bí o bá da òògùn tí a fi ń bó ọ̀dà sí ara irin, yóò jẹ ọ̀dà, yóò dé orí irin, iṣẹ́ rẹ̀ sì parí níbẹ̀, nítorí irin kì í mu ún. Ṣùgbọ́n ọ̀dà àti rísìnì bá ara wọn tan. Òògùn náà kò mọ ibi tí ọ̀dà ti parí tí ara ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, bí ó ṣe ń rọ ọ̀dà ni yóò máa rọ rísìnì, ohun tí kò bá sì rí jẹ ni yóò wọ inú rẹ̀ lọ. O ti dé Ìtòkú rí, o ti rí bí àwọn ìyá alárò ṣe ń ti aṣọ bọ inú ìkòkò. Bí o bá fi omi ṣan ojú aṣọ náà lẹ́yìn tí ó ti mu aró tán, ta ni yóò sọ pé aró ti kúrò nínú òwú?

Ohun tí ọ̀gá náà ṣe gan-an nìyí. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun òògùn náà sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, òrùlé àti ilẹ̀kùn méjèèjì. Nígbà tí ọ̀dà kò tètè wú bí ó ṣe fẹ́, ó tún kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, ó da ọ̀rá bò ó kí ó má baà gbẹ, ó sì lọ sílé. Nígbà tí a dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀dà ti wú lóòótọ́, inú rẹ̀ sì dùn. Àmọ́ bí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe fi irin pẹlẹbẹ ha á, awọ òkè fáíbà náà, èyí tí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ojú omi ń pè ní gelcoat, ń tẹ̀ lé ọ̀dà bọ̀ bí èèpá ojú ẹ̀kọ. Mo fi èékánná tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì, èékánná mi sì wọlé. Mo kígbe. Ọ̀gá ní kí n fọkàn balẹ̀, pé yóò le padà bí oòrùn bá pa á, ó fi tínà nù ún, ó fi omi fọ̀ ọ́, ó sì fín ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i ní ọjọ́ kẹta, nínú oṣù kẹfà, tí òjò Abẹ́òkúta ń rọ̀ láàárọ̀ tí ó ń rọ̀ lálẹ́.

Ọmọ iṣẹ́ yẹn kan náà ṣubú lulẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, inú àtíbàbà tí wọ́n ti fi ọ̀rá dí yíká ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá ní ebi ni. Irọ́ ni. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní methylene chloride ló wọ́pọ̀ nínú irú òògùn bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Òórùn rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó máa ń kó jọ sísàlẹ̀, bí ènìyàn bá sì fà á símú, ara a máa sọ ọ́ di carbon monoxide, èéfín jẹnẹrétọ̀ tí ń pa àwọn ènìyàn sínú ilé mọ́jú. Ìbòmú aláṣọ kò lè dá a dúró. Ní 2019, Amẹ́ríkà fòfin de títà á fún ará ìlú láti fi bó ọ̀dà, nítorí ó ti pa àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn onílé tí wọ́n ń fi tún ilé ìwẹ̀ wọn ṣe. Nítorí náà, bí agolo tí péńtà rẹ gbé dání kò bá ní àkọlé kankan, o kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, òun náà kò sì mọ̀.

Oṣù mẹ́rin ni ọkọ̀ mi fi lẹ́wà. Lẹ́yìn náà ni ìléròrò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, àkọ́kọ́ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n tó ẹyọ ẹ̀wà, wọ́n ń pọ̀ sí i ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró sóòrùn. Nígbà tí mo fi abẹ́rẹ́ lu ọ̀kan, omi kan tí ó ki jáde, òórùn òògùn ọjọ́ kìíní yẹn ni ó ń rùn. Mo pa dà lọ bá ọ̀gá. Ó ní fáíbà ni kò dára, pé kí n wá ọkọ̀ onírin rà. Náírà 85,000 tí mo san fún un kò pa dà wá.

Iṣẹ́ àtúnṣe ni ó gba ọdún kan. Mo fi ọwọ́ ara mi àti sáńpépà ha gbogbo ọ̀dà tuntun náà, mo ha ibi tí ó rọ̀ títí mo fi kan ibi tí ó le, mo sì fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ lásán, láìkùn, lábẹ́ òrùlé páànù tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, láti oṣù kọkànlá títí ọyẹ́ fi parí. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni mo ń lẹ ọ̀rá funfun kékeré mọ́ ara rẹ̀, tí mo ń fi téèpù dí etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí mo bá rí ìrì nínú ọ̀rá náà ní àárọ̀, mo mọ̀ pé omi ṣì wà nínú fáíbà. Ó pẹ́ kí ìrì náà tó dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo fi rísìnì àti òwú dígí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tún awọ òkè rẹ̀ ṣe, tí mo tún ha á kí ó tẹ́jú, díẹ̀díẹ̀. Ara mi yún mí fún oṣù púpọ̀, nítorí èérún dígí a máa wọ awọ ara. Omi tútù ni kí o fi wẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́.

Ẹ̀rọ tí ń fẹ́ yanrìn ńkọ́? Má gbìyànjú rẹ̀. Yanrìn á bó awọ fáíbà, á sì ṣí gbogbo ihò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rọ iná gbígbóná náà kò dára, nítorí rísìnì a máa rọ̀ nínú ooru. Mo ti rí ẹni tí ó fi kọ́síkì sódà bó ilẹ̀kùn irin tí ó fẹ́ fi bó fáíbà. Kọ́síkì a máa jẹ rísìnì, ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Wàyí o, Corvette tìrẹ. Ó yàtọ̀ sí Scimitar mi ní ọ̀nà tí ó mú ọ̀rọ̀ náà le sí i, nítorí kò ní gelcoat. Àárín mọ́ọ̀dù irin méjì ni wọ́n ti tẹ ara rẹ̀ jáde, nítorí náà bí o bá ti kọjá ọ̀dà ìpìlẹ̀, òwú dígí ni o kàn. Ọ̀dà lákà, oríṣi ọ̀dà àtijọ́ tí ń yára gbẹ, ni ilé iṣẹ́ náà fín sí i ní 1979, lákà tí ó ti gbó sì rọrùn láti fi abẹfẹ́lẹ́ ha. Ra abẹ gbígbòòrò tí a ń fi ha gíláàsì, fi fáìlì yọ ṣóńṣó igun rẹ̀ méjèèjì kí wọ́n má baà gún ara ọkọ̀, mú un dùbúlẹ̀ díẹ̀, kí o sì máa tì í síwájú lọ́nà kan ṣoṣo. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò tàbí tí ó ń gbẹ́, abẹ ti kú, mú òmíràn. Èmi lo abẹ tó ọgọ́rùn-ún, iṣẹ́ mi sì dára ju ti ẹni tí ó lo ẹ̀rọ lọ, nítorí ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ìgbà tí ó ti kọjá ààlà.

Báńpà iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í ṣe fáíbà rárá. Láti 1974 ni Corvette ti ń lo urethane fún méjèèjì, ohun tí ó rọ̀ bí rọ́bà. Má fi abẹ kàn wọ́n, má fi ẹ̀rọ sáńpépà kàn wọ́n, ọwọ́ àti sáńpépà nọ́ńbà gíga, èyí tí ó kúnná, ni, kí o sì sọ fún ẹni tí yóò fín in pé kí ó po èròjà tí ń jẹ́ kí ọ̀dà tẹ̀ láìlà mọ́ ọn. Bákan náà, egungun irin wà ní àyíká gíláàsì iwájú àti ilẹ̀kùn tí wọ́n lẹ fáíbà mọ́. Bí o bá ń fi omi rẹ sáńpépà, omi á wọ ibẹ̀, kò sì ní í tètè jáde. Yọ gíláàsì náà kí o wo irin yẹn ná, nítorí bí ó bá ti dípẹtà, ọ̀dà kọ́ ni ìṣòro rẹ.

Ọ̀rọ̀ ìwé ọkọ̀ tún wà. Bí o bá fẹ́ yí àwọ̀ rẹ̀ padà, lọ yí i nínú ìwé kí ọkọ̀ tó jáde. Nígbà tí tèmi ṣì wà ní àwọ̀ eérú, òṣìṣẹ́ kan ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fi ìka kan ara ọkọ̀, ó ní ike ni, pé ike kì í jẹ́ ọkọ̀. Mo ní kí ó wo nọ́ńbà egungun abẹ́ rẹ̀, ó ní òun kò dọ̀bálẹ̀ fún ike. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tí o béèrè. Lẹ́yìn abẹ, sáńpépà nọ́ńbà 80 lórí ẹ̀rọ tí ó ń yí tí ó sì ń gbọ̀n, lẹ́yìn náà 120, lẹ́yìn náà 180. 40 á gbẹ́ ẹ jù. Etí ilẹ̀kùn àti ibi tí ara ọkọ̀ ti yọ ìlà, ọwọ́ ni, nítorí ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí ọ̀dà ìpìlẹ̀ bá dúró ṣinṣin láìlà, dúró lórí rẹ̀. Bí lílà náà bá ti wọ inú rẹ̀, a gbọ́dọ̀ dé ara fáíbà, nítorí ọ̀dà tuntun tí a fín sórí lákà tí ó là yóò là ní ibi kan náà. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ epoxy, irú tí a ń po èròjà méjì pọ̀ kí ó tó le, ni kí o kọ́kọ́ fín. Má ṣe iṣẹ́ náà nítòsí ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, nítorí òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà ayé ìgbà náà.

Bí péńtà rẹ bá ti da òògùn náà sí ibì kan kí o tó ka ìwé yìí, fi ike ha á kúrò lónìí, fi àkísà tuntun nù ún lọ́pọ̀ ìgbà, ha ibi tí ó bá rọ̀ dànù, kí o sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìkùn títí ọyẹ́ yóò fi dé. Ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.