Èsì: Ṣé kọ̀ǹpútà quantum lè tètè rí wárápá?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ṣé kọ̀ǹpútà quantum, irú tuntun tó ń fi ìṣe àwọn ohun tín-ín-tìn-ín bí átọ́ọ̀mù ṣírò, á tètè rí wárápá nínú àkọsílẹ̀ iná ọpọlọ (EEG) ju kọ̀ǹpútà tiwa lọ. Ní báyìí, rárá ni tèmi.

Ẹ wo àkọsílẹ̀ CHB-MIT, èyí tí wọ́n gbà lára àwọn ọmọ tó ní wárápá ní Boston, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà 256 ni wọ́n ń ka iná ọpọlọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, lórí ìlà àkọsílẹ̀ bíi 23. Qubit òde òní, ìyẹn ẹyọ tí kọ̀ǹpútà quantum fi ń ṣírò, ò lè gbé gbogbo ìyẹn. Kọ̀ǹpútà lásán ló máa kọ́kọ́ fún un kù di nọ́ńbà díẹ̀ kí quantum tó fọwọ́ kàn án. Ta ló wá ṣiṣẹ́ gan-an? Qubit tún máa ń ṣàṣìṣe, àwọn ẹ̀rọ quantum ti IBM sì ń fẹ́ òtútù tí kò sí níbikíbi láyé yìí tí a ò bá dá a sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ RNS ti ilé-iṣẹ́ NeuroPace, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2013, wà nínú agbárí aláìsàn fúnra rẹ̀. Ó ń rí i bí iná ọpọlọ bá fẹ́ dàrú, ó sì ń ta iná kékeré sí i láti dá a dúró. Ṣíìpù lásán ni o!

Tó bá jẹ́ ìwádìí lẹ fẹ́ ṣe, ẹ kọ́kọ́ fi SVM lásán (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà kọ́ bí a ṣe ń pín nǹkan sí ọ̀wọ́) gbìyànjú, kí ẹ wá fi quantum kernel (níbi tí kọ̀ǹpútà quantum ti ń bá a wọn bí nǹkan ṣe jọra) wé e. Ẹ má sì fi àkọsílẹ̀ ẹni tí ẹ ti fi kọ́ ẹ̀rọ dán ẹ̀rọ náà wò.