Ṣé ẹni tó gba abẹ́rẹ́ flu ń sá fún kádàrá ni?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékúmù ààfáà wa. Dókítà ní kí n lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára flu torí mo ní asthma, ọkọ mi sì ń sin adìyẹ, bird flu tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ yìí ń bà mí lẹ́rù. Àmọ́ ẹnì kan nínú ìjọ wa ní ẹni tára ẹ̀ le tó lọ gba abẹ́rẹ́ ò gbára lé Ọlọ́hun, ó ní Ànábì ti sọ pé kò sí àkóràn. Ṣé òótọ́ ni? Tí mo bá gbà á nínú ààwẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Wà àlékúmù sàlámù arábìnrin mi. Hádíìsì yẹn wà lóòótọ́, ó wà nínú Bùhárì àti Múslímù, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ lẹni yẹn mú wá. Àwọn ará àìmọ̀kan ìgbà yẹn gbà pé àrùn ń dá ìrìn ara ẹ̀ rìn láìsí àṣẹ Ọlọ́hun, ìgbàgbọ́ yẹn ni Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń wó. Ṣé ẹ rí Abú Huraira tó gba hádíìsì yẹn wá, òun náà ló tún gbà á wá pé kí ẹni tí ràkúnmí ẹ̀ ń ṣàìsàn má kó wọn lọ bá èyí tára ẹ̀ le. Tí àìsàn kì í bá ràn rárá, kí ni wọ́n ń yà wọ́n sọ́tọ̀ fún?

Ẹ tún wo Sáyídínà Úmárù, Kálífà kejì, ó ń lọ sí Ṣáámù (agbègbè Síríà), ó dé ibì kan lọ́nà tó ń jẹ́ Sargh, wọ́n ní àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ Ṣáámù, ó ní kí wọ́n padà. Abú Ubáídà tóun náà jẹ́ sàhábà Ànábì bi í pé ṣé kádàrá Ọlọ́hun lẹ fẹ́ sá fún ni, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kádàrá Ọlọ́hun là ń sá fún bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Mi ò mọ ìdáhùn tó tún jù báyẹn lọ.

Ẹni tó bá sì ní oògùn wà fún aláìsàn nìkan, ẹ rán an létí dàbínù Mẹ̀dínà tí wọ́n ń pè ní Ajwa, méje tí Ànábì ní kéèyàn jẹ láàárọ̀ kí májèlé àti sihírì má baà ràn án lọ́jọ́ náà. Ara ẹni tó ń jẹ ẹ́ le! Èyí gan-an ni Sheikh Ibn Baz, ààfáà ńlá ilẹ̀ Saudi, fi ṣe ẹ̀rí nígbà tí wọ́n bi í nípa àjẹsára, ó ní kò sóhun tó burú níbẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún yẹn, fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀ ti kú, kò lè fún yín ní flu, apá lè máa dùn yín díẹ̀ ni. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ sì máa tún un gbà lọ́dọọdún torí flu kì í yé para dà.

Àmọ́ o, kì í ṣe òun ló ń dènà bird flu. Ní Hong Kong lọ́dún 1997, èèyàn 18 ló kó irú bird flu tí wọ́n ń pè ní H5N1, 6 nínú wọn kú. Ara ẹyẹ lèèyàn ti sábà máa ń kó o, ohun tó wá ń ba àwọn dókítà lẹ́rù ni kí flu tiwa àti ti ẹyẹ pàdé lára ẹnì kan ṣoṣo, kí wọ́n dà pọ̀ di tuntun tó máa ń ràn kíákíá, torí ẹ̀ lọ́kọ yín náà ṣe yẹ kó gba abẹ́rẹ́ yìí. Ẹ bá mi sọ fún un dáadáa pé adìyẹ tó bá ń gbọ̀n, tó ń ṣàìsàn, kó má sáré gbọ́bẹ sí i torí kó má baà kú láìdúńbú. Níbi pípa àti títu ìyẹ́ yẹn gan-an lọ̀pọ̀ ti kó o. Kó jẹ́ kó kú, kó má fọwọ́ lásán kàn án, kó pe dókítà ẹran. Owó tó bá bá a lọ, Ọlọ́hun á dá a padà.

Ti ààwẹ̀, abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe oúnjẹ kì í ṣe omi, ọ̀pọ̀ onímímọ̀ ní kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Tí ọkàn yín ò bá ṣáà balẹ̀, ẹ gbà á lẹ́yìn ìṣínu. Wàlláhù àlámù.