Èsì: Iná búlúù tí wọ́n tàn sí ẹnu màmá yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àníyàn màmá. Ẹ ní wọ́n tan iná búlúù sí wọn lẹ́nu nílé ìwòsàn eyín kan l'Óṣogbo níbí, eyín wọn wá pupa fòò nínú fọ́tò, ẹ sì ń bi wá bóyá àrùn erìgì ni.

Pupa yẹn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ o. Ìdọ̀tí tó ti pẹ́ lára eyín ni. Àwọn kòkòrò inú rẹ̀ máa ń ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní porphyrin. Bí iná búlúù yẹn, tí gígùn ìgbì rẹ̀ tó nǹkan bíi 405 nánómítà, bá bà á, á tàn pupa. Eyín tó mọ́ á tàn bí àwọ̀ ewé. Ìdọ̀tí òní kì í sábà pọ́n.

Wọ́n ti ṣe é fún èmi náà rí. Mo ti run pákò dáadáa kí n tó kúrò ní Òkè-Fìà, mò ń yangàn. Àfi ìgbà tí wọ́n fi fọ́tò hàn mí: iwájú mọ́ fínífíní, ẹ̀yìn eyín ìsàlẹ̀ pọ́n bí epo. Ojú tì mí.

Àmọ́ iná yẹn ò rí abẹ́ erìgì. Ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n ń tì bọ àárín eyín àti erìgì ló ń sọ ìyẹn: bó bá wọlé ní mìlímítà 1 sí 3, kò burú, láti 4 lọ sókè ni wọ́n ń ṣọ́. X-ray ló ń fi egungun tó di eyín mú hàn. Ẹ bi wọ́n iye tí wọ́n wọ̀n. Bí màmá bá sì ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà, ó máa ń mú kí àrùn erìgì le sí i.