Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà wà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Mo ka ohun tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lé yín lọ́wọ́ láti JSS1 títí dé SS1, pé ẹ̀rọ 9 péré ni ó ń ṣiṣẹ́ fún kíláàsì kan tí ó ní akẹ́kọ̀ọ́ 70, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá kíbọ́ọ̀dù títẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ tàbí Scratch, ètò tí àwọn ọmọ fi ń kọ́ bí a ṣe ń to àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. N ó dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí nígbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀: ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà, irú iná wo ni ó sì ń wọ ibẹ̀?

Mo fi ọdún 17 kọ́ni ní iṣẹ́ yìí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òkè-Ògùn kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní ọdún kẹta mi níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n wà lókè òkun kó kọ̀ǹpútà àlòkù 20 ránṣẹ́ sí wa. Inú mi dùn débi pé mo fi owó oṣù mi ra wáyà ẹlẹ́nu-púpọ̀, mo sì ti to orúkọ àwọn ọmọ ní mẹ́ta-mẹ́ta. Àfi bí ọ̀gá kan ṣe dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, tí ó ka àwọn ẹ̀rọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n títí di ọjọ́ tí àwọn èèyàn ńláńlá yóò wá gé rìbọ́ọ̀nù. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Sáà kan parí, wọn kò wá. Sáà kejì parí, wọn kò wá. Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta, ìdáhùn kan ṣoṣo tí mo sì rí gbà ni pé kí n yéé ṣe bí ẹni pé èmi ni mo ni ilé ẹ̀kọ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, mo ń fi ẹfun ya kíbọ́ọ̀dù sára pátákó, àwọn ọmọ ń fi ìka tẹ orí tábìlì, kọ̀ǹpútà 20 sì wà lábẹ́ ọ̀rá nínú yàrá tí kò ju ìṣísẹ̀ 30 lọ sí ibi tí a jókòó sí.

Nígbà tí wọ́n wá dé, ayẹyẹ náà kò ju ìdajì wákàtí lọ. Wọ́n ya fọ́tò níwájú ẹ̀rọ kan tí a kò tilẹ̀ tàn, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n sì lọ. Ọjọ́ kejì ni mo tó rí ohun tí oṣù mẹ́jọ ti ṣe. Eku ti gé wáyà jẹ. Bátìrì kékeré tí ó rí bíríkítí bí kọ́bọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń pè ní CR2032, ti kú nínú 13 lára wọn. Bí bátìrì yẹn bá kú, ẹ̀rọ kì í rántí ọjọ́ àti àkókò mọ́. Yóò dúró sójú dúdú, yóò sì ní kí ẹ tẹ F1 kí òun tó tẹ̀ síwájú. Kò sí ìṣòro kankan nínú èyí, nítorí bátìrì tuntun ni oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ́fíìsì rán wá, tí wọ́n pè ní ògbóǹtarìgì fún wa, wo ojú dúdú náà, kò tẹ ohunkóhun, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kọ̀ǹpútà 13 ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ó di kúẹ̀rì sí mi lọ́rùn: kí n ṣàlàyé láàárín wákàtí 48 bí dúkìá ìjọba ṣe bàjẹ́ sí mi lọ́wọ́. Èmi tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi! Mo ṣì ní ẹ̀dà kúẹ̀rì náà nínú àpótí mi di òní.

Mo ra bátìrì, mo fi írésà nu ẹsẹ̀ RAM wọn, ìyẹn pátákó kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́wọ́, ẹ̀rọ 16 sì jí. Ìgbà náà ni mo wá ṣe àṣìṣe tèmi, èyí tí n kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi fún tán. Jẹnẹrétọ̀ wa jẹ́ 2.5 kVA, kò sì lè gbé ju nǹkan bíi wáàtì 2000 lọ. Ojú kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ ni tiwa, ẹ̀rọ kan pẹ̀lú ojú rẹ̀ sì ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 150, èyí tí ó túmọ̀ sí pé 16 yóò jẹ wáàtì 2400. N kò ṣe ìṣirò yìí, nítorí oníná tí ọ̀gá wa mú wá ti ní yóò gbé e dáadáa. Iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, NEPA dé lójijì pẹ̀lú agbára tí ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹnì kan sì yí iná padà nígbà tí gbogbo ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́. Apá tí ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà 7 jóná lójú àwọn ọmọ. Òórùn rẹ̀ kò kúrò lára aṣọ mi títí di alẹ́.

Nítorí náà, ẹ ka wáàtì tí a kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ yín kọ̀ọ̀kan, ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí àpapọ̀ rẹ̀ kọjá ohun tí jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà yín lè gbé. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kì í sábà ju wáàtì 30 sí 60 lọ, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá bi yín irú ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ kí òun ta yín lọ́rẹ, òun ni kí ẹ dárúkọ, kódà bí iye rẹ̀ yóò bá dín kù. Ẹ pa gbogbo ẹ̀rọ kí ẹnikẹ́ni tó yí iná padà. Ẹ má gba flash láti ọwọ́ ọmọ tí ó ti ilé ìtẹ̀wé bọ̀, nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo ni kòkòrò (fáírọ́ọ̀sì) inú rẹ̀ fi sọ gbogbo iṣẹ́ SS2 di shortcut, àmì lásán tí kò ṣí iṣẹ́ kankan, fún mi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo fi Linux sínú gbogbo wọn, ètò ọ̀fẹ́ tí ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, tí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ kì í sábà mú. Kò le púpọ̀: ẹ fi ètò tí a ṣe fún un kọ ọ́ sórí flash, ẹ fi flash náà tan ẹ̀rọ, kí ẹ sì tẹ̀ lé ohun tí ó bá ń béèrè.

Ní ti àwọn alábẹ̀wò, ẹ má retí pé wọn yóò wo kọ̀ǹpútà. Ìwé ètò ẹ̀kọ́ yín ni wọn yóò béèrè, wọn yóò sì fẹ́ kí ọmọ kan dìde sọ ìran àwọn kọ̀ǹpútà láti ẹnu. Mo ti rí ọmọ tí ó mọ Babbage, ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá kọ̀ǹpútà, àti ENIAC, kọ̀ǹpútà ńlá ayé àtijọ́ ti ọdún 1946, bí ẹní mọ a, b, d, tí kò sì mọ bí a ṣe ń pa kọ̀ǹpútà láìfa wáyà rẹ̀ yọ.

Ẹ wá béèrè kíbọ́ọ̀dù tàbí Scratch. Ẹ má fi odindi sáà kọ́ wọn ní kíbọ́ọ̀dù títẹ̀. Àwọn òbí yóò máa dà yín láàmú nítorí JAMB, tí kò lo bébà mọ́ láti ọdún 2015, ṣùgbọ́n ìdánwò yẹn kò béèrè pé kí ọmọ yá lọ́wọ́. Ìbéèrè 180 ni fún wákàtí méjì, bọ́tìnì mẹ́jọ sì tó láti fi ṣe gbogbo rẹ̀ láìfọwọ́ kan máòsì: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tí ó kàn, P fún èyí tí ó kọjá, S láti fi jíṣẹ́, R láti fi padà sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ méjì ti tó fún ìyẹn. Ní JSS1, ohun tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ ni títan ẹ̀rọ, pípa á, fífi iṣẹ́ pamọ́, àti wíwá a rí lọ́jọ́ kejì. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó le jù, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Scratch dára láti JSS2, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀dà 1.4 rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí ó ti gbó. SS1 yàtọ̀, nítorí Data Processing (títo dátà àti ìṣirò rẹ̀) wà lára iṣẹ́ ọwọ́ 34 tí ìlànà ẹ̀kọ́ ọdún 2011 gbé kalẹ̀, kí wọ́n tó dín wọn kù ní ọdún 2025; bí ó bá sì jẹ́ òun ni ilé ẹ̀kọ́ yín ṣì ń kọ́, LibreOffice Calc, ètò ọ̀fẹ́ fún tábìlì ìṣirò bíi Excel, ni kí ẹ gbájú mọ́ láti ọ̀sẹ̀ kìíní.

Ọmọ mẹ́jọ níwájú ẹ̀rọ kan kò kọ́ ohunkóhun. Ẹ pín 70 sí ọ̀nà mẹ́ta, ọmọ 24 tàbí 23, kí mẹ́ta-mẹ́ta jókòó sí ẹ̀rọ 8, kí ìkẹsàn-án dúró fún ìgbà tí ọ̀kan bá ṣàìsàn. Ẹnì kan di máòsì mú, ẹnì kan ń ka iṣẹ́, ẹnì kẹta fi ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo àṣìṣe, wọn yóò sì yí padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ẹ fi aago sọ́wọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọkùnrin kò ní gbé máòsì sílẹ̀, àwọn ọmọbìnrin yóò sì di akọ̀wé wọn títí ọdún yóò fi parí. Ìṣẹ́jú 80 ni èyí gbà, nítorí náà ẹ lọ bá igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ jà fún píríọ́ọ̀dù méjì tí ó tẹ̀ lé ara wọn kí ó tó lẹ ìwé àkókò mọ́ ògiri.

Àwọn tí kò tíì kàn lè máa kọ́ ìṣirò ẹlẹ́yọ méjì, èyí tí kọ̀ǹpútà ń lò, tí kò ní ju 0 àti 1 lọ, lórí bébà. Mo fi ojú odù ṣàlàyé rẹ̀ nígbà kan, pé àmì kan tàbí méjì ní ibi mẹ́jọ ni ó ń fún wa ní odù 256, tí ó jẹ́ iye kan náà tí báìtì kan, ìyẹn 0 tàbí 1 ní ibi mẹ́jọ nínú kọ̀ǹpútà, lè gbà. Ó yé àwọn ọmọ kíá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì bàbá kan dé pé mo fẹ́ sọ ọmọ òun di babaláwo, ọ̀gá wa sì ní kí n kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Láti ìgbà náà, mo máa ń mú ọmọ márùn-ún jáde, kí wọ́n di káàdì 16, 8, 4, 2 àti 1 mú; ẹni tí ó dìde jẹ́ 1, ẹni tí ó lóṣòó jẹ́ 0, àwọn yòókù yóò sì máa ro ó pọ̀. Ìṣirò kan náà ni, kò sì mú òbí kankan wá.

Ẹ kọ irú kọ̀ǹpútà tí ẹ ní àti iye RAM wọn síbí, kí n lè sọ ẹ̀dà Linux tí yóò gbà wọ́n. Kí ẹ tó padà wá, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yàrá náà fún wákàtí kan, kí ẹ sì lọ gé ẹ̀dà rẹ̀.